Ìka tó Gún Fádáre Nítan

Kí ìtàn má baà dá wa lẹ́bi, ó tọ́ ká kéde rẹ̀ níhìn-ín: Fádáre, ọmọ ìgbìmọ̀ kọ́múùnù (ìjọba ìbílẹ̀) Adja-Ouèrè, kì í wọ bàtà sùn ní ìpàdé. Yóò bọ́ ọ, yóò tò ó sábẹ́ àga, yóò kọjú rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ni oorun yóò wá.

Kì í ṣe ọ̀lẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń ro oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá Massè, Faransé tí wọ́n sì fi ń kàwé ní ìpàdé gùn ju ọ̀nà Pobè lọ. Ìdí nìyí tí òun àti Ògúntóyè, tí wọ́n jọ ń jókòó, fi ní àdéhùn. Abúlé Ògúntóyè wà lójú ọ̀nà Tatonnonkon. Wọ́n jọ dàgbà ni, Fádáre ló sì ṣe alárinà ìyàwó fún un. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan abúlé Fádáre, Ògúntóyè á fi ìka gún un nítan, Fádáre á nawọ́ kó tó lajú tán. Ọdún mẹ́ta ni ìka yẹn fi ṣiṣẹ́ ìlú. Òun ló mú páànù ilé-ẹ̀kọ́ wá.

Lọ́dún yìí, pọ́ńpù omi kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, abúlé méjì, ti Fádáre àti òmíràn, sì ń tọrọ rẹ̀. Orúkọ èkejì wà nínú ìwé tí wọ́n pín. Fádáre kò ka ìwé tirẹ̀, ó ti fi tẹ́ ilẹ̀ fún bàtà rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Oyèkẹ́mi, tó ń fi wákàtí kan ru omi odò lójoojúmọ́, ti kìlọ̀ fún un láàárọ̀ pé kó má sùn. Ó mu kọfí ife méjì. Síbẹ̀, ó sọ fún Ògúntóyè pé bó bá kan pọ́ńpù, kó gún òun dáadáa.

Ìka dé. Fádáre nawọ́, ó nà án ga. Ìgbà tó lajú tán ló rí i pé gbogbo ilé ń wò ó. Wọ́n ti pe abúlé tirẹ̀ ṣáájú, èèyàn méje nawọ́. Abúlé Ògúntóyè ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè yìí. Èèyàn mẹ́jọ.

Fádáre lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, láìwọ bàtà.

"Ògúntóyè, ìwọ?"

"O ní kí n gún ẹ bó bá kan pọ́ńpù. Ṣé pọ́ńpù kọ́ ló kàn ni?"

Kí Fádáre tó délé, àwọn ọlọ́kadà ti gbé ìròyìn náà débẹ̀. Oyèkẹ́mi kò bá a jà. Ó bu omi ìdajì ife fún un.

"Ẹ rọra mu ún, bàbá Dára. Ọ̀nà rẹ̀ jìn."

Ní ìpàdé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Fádáre wọ bàtà, ó so okùn rẹ̀ le, ojú rẹ̀ sì là kedere. Ògúntóyè, tó ti ibi ìsìnkú bọ̀, tẹ̀ sí i létí bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀: oorun ń kun òun, òrùlé ilé ìwòsàn abúlé òun sì ni nǹkan kẹsàn-án tí wọn yóò nawọ́ sí, kí ó jọ̀ọ́ gún òun bó bá kàn án. Ló bá sùn lọ, ó lanu sílẹ̀.

Nǹkan kẹfà ni bóyá kí wọ́n máa lọ da pàǹtí ìlú sí abúlé Ògúntóyè. Fádáre wo ìka rẹ̀, ó wo itan ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ìgbà wo gan-an lẹ̀yin ì bá gún un?