Purojẹ́tọ̀ Tí Àlùmọ́gàjí Rà fún Ọkọ Rẹ̀

Àlùmọ́gàjí ni gbogbo àdúgbò ń pe télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn, ẹnu rẹ̀ ni. Bí oníbàárà bá ní òun ò sanra, á ní, "Ẹ má jà, okùn ìwọ̀n kì í purọ́." Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti bú mi kọjá kíkà, èmi náà ò sì dákẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti já bọ́ láti orí àkàbà, èébú tán lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

Péńtà ni ọkọ. Ara ilé alájà méjì ló wà tí ẹsẹ̀ àkàbà fi yẹ̀. Wọ́n fi nǹkan líle kan há a lọ́rùn láti àgbọ̀n dé àyà, wọ́n ní kó dùbúlẹ̀ gbalaja fún oṣù mẹ́ta, kó má yíjú sọ́tùn-ún, kó má yíjú sósì. Ọkùnrin tí kì í lè jókòó sójú kan! Ó bínú títí, ó sunkún, nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀." Láti ọjọ́ náà, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá gbé ṣíbí sún mọ́ ọn, á pa eyín pọ̀. Omi nìkan ló ń gbà.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú rẹ̀ nílé kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní, "Mà, egungun wọn ti ń so pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fẹ́ wà láàyè, egungun ò lè gbà á là. Tí wọn ò bá jẹun títí di ọjọ́ Ajé, a máa gbé wọn padà sí ọsibítù ni o. Mi ò sì lè ṣèlérí pé wọ́n á padà wálé."

Ọjọ́bọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àlùmọ́gàjí ta ẹ̀rọ tó fi ń wé etí aṣọ. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde, inú bí mi burúkú.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá? Kí lo máa wá fi ṣiṣẹ́?"

Ó wò mí. Kò bú mi. Ó ní, "Tó bá kú, ta ni mo fẹ́ máa ṣiṣẹ́ fún?"

Ìgbà náà ló ṣàlàyé fún mi. Lẹ́yìn òun ìyàwó, fíìmù ni ohun tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn jù láyé. Ṣùgbọ́n ara ògiri ni tẹlifíṣọ̀n wọn wà, àjà ilé sì ni ọkùnrin náà ń wò tọ̀sán-tòru. Ó ti gbìyànjú láti gbé fóònù sókè lójú rẹ̀. Apá rẹ̀ ń gbọ̀n, àwòrán ń jó, ọkọ sì di ojú rẹ̀. Oníbàárà kan ló wá sọ fún un nípa purojẹ́tọ̀, ẹ̀rọ tí èèyàn lè gbé lọ́wọ́, tó ń tan fíìmù sára ògiri.

"Tó bá lè tàn sára ògiri, ó yẹ kó lè tàn sára àjà," ó ní. "Mi ò ní nǹkan míì mọ́, ọ̀rẹ́ mi. Ibi tí mo mọ̀ parí síbí."

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, mo tẹ̀ lé e.

Méjì ló wà lórí tábìlì ẹni tó ń ta ẹ̀rọ náà, kékeré kan àti ńlá kan. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ó ní sùúrù. Ó tan ti kékeré sára ògiri. Àlùmọ́gàjí ní rárá, àjà ni òun fẹ́. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti tú gèlè rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì sùn sí i láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó na ara tọ́ọ́rọ́.

"Màmá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, àwọn èèyàn ń wò yín!"

"Jẹ́ kí wọ́n wò. Bí ọkọ mi ṣe máa wò ó ni mo fẹ́ wò ó."

Ojú tì mí títí, mo ń rẹ́rìn-ín sí àwọn tó ń kọjá bí ọ̀dẹ̀. Ìgbà tí mo bojú wo ìsàlẹ̀, mo rí i pé omijé ti ń ṣàn lọ sí etí rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

Ẹ̀rọ méjèèjì ló hàn kedere. Ọmọbìnrin náà ní, "Ti kékeré yìí ní bátìrì nínú, bí iná bá lọ, á ṣì máa ṣiṣẹ́. Ti ńlá yìí ò ní." Ọ̀rọ̀ náà gba etí wa kọjá. Àlùmọ́gàjí ti gbé ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, ó gbé èkejì lé ti òsì, ó di ojú, bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ ra aṣọ. Nínú iṣẹ́ tiwa, aṣọ tó bá fúyẹ́, ìfọ̀ kan ló máa fi ṣá. Ó fa ti kékeré lé mi lọ́wọ́. Mo wọ̀n ọ́n, mo yínmú.

"Ti ńlá ni ká gbé," mo ní. Àgbà òmùgọ̀ méjì.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta la gbé e kalẹ̀. A fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, a kó ìwé àwòrán aṣọ jọ sábẹ́ ẹ̀rọ títí ojú rẹ̀ fi kọ òkè. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan ń wá ọmọ rẹ̀ obìnrin tó sọnù. Ọkọ di ojú. Àlùmọ́gàjí jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó di etí aṣọ ibùsùn mú. Ó pẹ́ díẹ̀, ọkọ la ojú ọ̀tún, ó sì la ti òsì. Nígbà tó yá, bàbá inú fíìmù wọ odò, omi dé àyà rẹ̀, ó dé ọrùn. Iná lọ.

Yàrá ṣókùnkùn. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ bátìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ etí mi. Àlùmọ́gàjí bú sẹ́kún gbẹ̀ẹ́. "Mo ti pa á," ó ní. "Ọwọ́ mi ni mo fi pa á." Ọwọ́ tèmi náà wà níbẹ̀.

Ohùn kan jáde láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó há bí ìgbà tí wọ́n ń ha ògiri.

"Ṣé ó rì ni?"

Ẹkún dúró.

"Mo ní, ṣé bàbá yẹn rì?"

"Ẹ má bínú, mi ò mọ̀," ìyàwó ní. "Mi ò wo fíìmù rárá. Ojú yín ni mò ń wò."



"Ẹ fún mi ní nǹkan jẹ," ọkọ ní. "Mi ò lè fi ebi dúró de iná."

Èmi ni mo sáré lọ sí kíṣìnì. Mo da ìdajì oúnjẹ tí mo bù sílẹ̀ kí n tó padà dé. Ṣíbí mẹ́ta ló gbé mì lọ́jọ́ náà. Iná kò dé títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọkọ sì dúró dè é.