Ìlà Ṣọkọ Tí A Kì Í Já

Kí n tètè sọ ọ́ kí aládùúgbò kan tó bá mi sọ ọ́: mo sá kúrò ní yunifásítì lọ́dún kejì. Wọn ò lé mi o. Ká ní wọ́n lé mi ni, iyì díẹ̀ ì bá wà níbẹ̀, àwọn èèyàn á rò pé mo ṣe nǹkan gidi. Mo kàn sùn kọjá ìdánwò méjì ni, ojú wá ń tì mí láti lọ bẹ ẹnikẹ́ni, mo bá di ẹrù mi, mo gba Mile 2 padà wá sí Festac. Kò sì yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo ti sá kúrò ní kíláàsì tí wọ́n ti ń múra wa sílẹ̀ fún Oúnjẹ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Sísá ni ẹ̀bùn mi.

Ọ̀dọ̀ Màmá ni mo padà sí. Màmá ni ìyá tó bí bàbá mi. Abúlé ni wọ́n ti gbé wọn níyàwó, àgbẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́. Nígbà tí ọkọ wọn ríṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n fún wọn ní fúláàtì ní Festac, ẹsẹ̀ Bàbá àgbà dé ọ́fíìsì lóòótọ́, ọkàn wọn ò débẹ̀ rí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí ilẹ̀ kan lábẹ́ wáyà iná ńlá ní Amuwo, ibi tí ẹnikẹ́ni ò lè kọ́lé sí. Wọ́n ṣán an, àwọn méjèèjì sì ń dáko níbẹ̀ láàárọ̀ kí Bàbá tó wọ aṣọ ọ́fíìsì. Bàbá ti kú báyìí. Màmá ò tíì kúrò lóko.

Ọmọ ìjọ Lútáràn ni Màmá. Ní àdúgbò wa, tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ló ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn bára wọn du ojú ọ̀run, ẹ máa ṣàlàyé kó tó yé èèyàn. "Ṣé Kátólíìkì nìyẹn ni?" Rárá. "Ṣé Aládùúrà ni?" Rárá. Àwa kì í pariwo. Ìwé la máa ń ṣí, a ó ka tiwa, pásítọ̀ á ka tiwọn, a ó kọrin, a ó lọ ilé. Màmá gbé e dé oko. Orin ni wọ́n fi ń bomi rin ẹ̀fọ́: bẹ́ẹ̀dì kan, ẹsẹ orin kan. Bí ilẹ̀ bá gbẹ jù, wọ́n á fi ègbè kún un. Èmi ò mọ ju ẹsẹ kìíní lọ nínú orin kankan, ìdí nìyẹn tí bẹ́ẹ̀dì tí mo bá bomi rin fi máa ń rọ.

Ní ìpẹ̀kun oko yẹn, ìlà ṣọkọ kan wà tí Màmá kì í já. Wọ́n á fi í sílẹ̀ kó ga, kó yọ òdòdó, kó gbó, kó gbẹ. Ibẹ̀ ni irúgbìn wà. Bàbá ló di ìyá irúgbìn yẹn sínú àpò ṣòkòtò wá láti abúlé, láti ìgbà yẹn ló sì ti ń bí ara ẹ̀. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, òjò ti wọ kíṣìnnì, ọ̀rinrin sì ti ba èyí tó wà nínú ìgò jẹ́. Ìlà yẹn nìkan ló kù. Màmá sọ gbogbo èyí fún mi. Etí mi kan ló gbọ́, íápíìsì wà nínú èkejì.

Ní Sátidé kan, Màmá lọ sípàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí n ṣe wọ́n ní sọ̀píráìsì. Mo gbé àdá, mo ro gbogbo oko, mo dé ìpẹ̀kun, mo rí ẹ̀fọ́ gbígbẹ tó ga gàgàrà. Mo ní, ẹ wo ìdọ̀tí. Mo gé e, mo kó o mọ́ koríko, mo dáná sun ún. Mo tún ya fọ́tò ara mi pẹ̀lú àdá, mo gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì: "Àgbẹ̀ ńlá." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín, kí n má baà dá nìkan rẹ́rìn-ín.

Màmá dé.

"Ta ló ṣe ibí yìí?"

"Èmi ni, Màmá! Ẹ wò ó bó ṣe mọ́."

"Àwọn tó gbó ńkọ́?"

"Mo ti sun wọ́n. Wọ́n ti gbẹ, Màmá, kòkòrò ló kù níbẹ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn, wọ́n fọwọ́ tú eérú náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá òrùka. Nígbà tí wọ́n dìde, ọwọ́ wọn dúdú, òfìfo.

"Ohun tí ọkọ mi fi sílẹ̀ nìyẹn," ni wọ́n wí.

Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ì bá tù mí lára. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, "ọkọ mi" ni Màmá ń pè mí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n kan ilẹ̀kùn yàrá mi pẹ̀lẹ́: "Arákùnrin, oúnjẹ yín wà lórí tábìlì." Oúnjẹ *yín*. Ẹ ò rí i bí ọ̀wọ̀ ṣe lè gún èèyàn bí abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ kejì ni Oúnjẹ Olúwa. Màmá kì í pa á jẹ. Mo ti rí i tí ibà mú wọn, tí wọ́n fi aṣọ òtútù lọ. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí wọ́n fi de ara wọn: ẹni tó bá ń bínú sí ẹnì kan kò gbọdọ̀ lọ sídìí tábìlì yẹn, àfi kó kọ́kọ́ tú u ká. Nígbà tí gbogbo èèyàn dìde, Màmá jókòó. Mo rò pé orúnkún ni. Ìyá kan tó ń wá láti Ijegun-Egba, tó máa ń jókòó tì wọ́n, náà rò bẹ́ẹ̀.

"Màámi, ṣé ẹsẹ̀ ni? Ẹ jẹ́ kí n dì yín mú."

"Ẹsẹ̀ kọ́. Ẹ máa lọ, ẹ̀yin."

Gbogbo ìjọ kọjá níwájú wa, wọ́n ń wo Màmá, wọ́n ń wò mí. Mo fẹ́ wọnú àpótí ọrẹ.

Nígbà tí a jáde, mo ní, "Màmá, ẹ ò bá kàn lọ. Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹni tó se oúnjẹ máa mọ̀."

"Ṣé ẹ ò tíì darí jì mí ni?"

"Ẹnu mi ti darí jì yín látàná. Àyà mi ni mò ń dúró dè. Ó ti dàgbà, kì í sáré mọ́."

Èmi tí mo lè bẹ èèyàn mẹ́ta kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀, tí n ò sì ní í mọ ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, mi ò mọ ibi tí mo máa wò. Màmá ò lè purọ́ fún Ọlọ́run ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú márùn-ún, kódà kí ojú má baà tì wọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí wọ́n tún tẹ́ tábìlì náà.

Ní Mọ́ńdè, mo lọ sọ́jà Agboju. Ẹni tó ń ta irúgbìn bù ú fún mi, ó ní ṣọkọ ni ṣọkọ. Mo wò ó, kì í ṣe irú ti Bàbá, mo dá a padà. Mo wá rántí pé Màmá máa ń fún àwọn èèyàn ní irúgbìn lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹni ń pín súìtì. Ní Ọjọ́rú, mo gba Ijegun-Egba lọ, sílé ìyá ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Ìyá ti gbin ṣọkọ tí Màmá fún wọn sínú táyà mẹ́ta lẹ́yìn ilé.

"Ìwọ lo sun tiwọn, àbí?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ẹ ní yunifásítì nìyẹn?"

"Mi ò dúró dé ibẹ̀, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìró wọn fi tú. Wọ́n gbọn òdòdó gbígbẹ sínú páálí ìṣáná kan fún mi. Kò kún.

Mo sáré dé oko. Màmá ń bomi rin tẹ̀tẹ̀.

"Màmá, ẹ wo nǹkan tí mo mú…"

"Fi í sápò ná. Jókòó."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi hàn yín."

"Mo ní jókòó, ọkọ mi."

Mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù.

"Ó dé láàárọ̀ yìí," ni wọ́n wí. "Mò ń gbàdúrà, mo dé orí orúkọ rẹ, kò há mi lọ́fun mọ́. Mo ti darí jì ẹ́. Ó tán."

Ẹ gbọ́ ìwà òmùgọ̀ mi: inú bí mi. "Màmá! Ẹ ò bá dúró kí ẹ rí ohun tí mo mú wá ná! Mo ti jìyà lọ sí Ijegun-Egba!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ di ìbàdí mú. "Tí mo bá dúró dè é, wàá rò pé o rà á ni. A kì í rà á. Ó yá, mú un wá."

Wọ́n da irúgbìn náà sí àtẹ́lẹwọ́, dúdú, ó ń dán. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n pa ọwọ́ dé lé e lórí, mo rí i tí ètè wọn ń mì. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n wá yanrìn gbígbẹ, kí n pò ó mọ́ ọn, kó má baà ṣù síbì kan. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọ́n ọn. Mo yọ íápíìsì méjèèjì.

Ó ti hù, ó tín-ín-rín bí òwú, nígbà tí ọjọ́ Oúnjẹ Olúwa pé. Àwọn èèyàn dìde, Màmá náà dìde. Wọ́n na báàgì wọn sí mi.

"Gbà á mú. Súìtì míńtì mẹ́rin ló wà níbẹ̀ o, mo mọye rẹ̀."

Wọ́n lọ, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ṣe jẹ́jẹ́, wọ́n kúnlẹ̀ láìdi ẹnikẹ́ni mú. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ ju gbogbo èèyàn lọ. Mo gbé báàgì náà lé itan, mi ò gbé ojú kúrò lára wọn.

Ọ̀kan péré ni mo jẹ.