Ọjọ́ Tí A Dá Ẹjọ́ Tọkọtaya Inú Fíìmù

Èmi ni mo lọ yá fíìmù náà, nítorí náà kò sí ẹlòmíràn tí mo lè ti ẹ̀bi rẹ̀ sí lọ́rùn. Bàbá tó ń darí ẹgbẹ́ àdúrà wa ní Yeoville, ní Johannesburg, ló rán mi. Ó ní òun fẹ́ kí gbogbo tọkọtaya inú ẹgbẹ́ pàdé nílé òun ní ọ̀sán Sátidé, kí a wo fíìmù kan tó dá lórí ìgbéyàwó, kí a sì fi kọ́gbọ́n. Àwa tọkọtaya ọ̀hún kò ju mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ìjà wa tó ti ogójì.

Títún tẹlifíṣọ̀n àti fídíò ṣe niṣẹ́ mi nígbà náà, nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rockey Street. Mo wọ ilé tí wọ́n ti ń yá fíìmù, mo rí páálí kan tí wọ́n ya ọkọ àti ìyàwó sí lára. Aṣọ ìgbéyàwó wà lọ́rùn wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín níwájú ilé funfun ńlá kan. Mo ní ó tán. Mo gbé e, n kò yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ta ló ráyè ka ẹ̀yìn páálí?

Ọdún tó ṣáájú ìdìbò àkọ́kọ́ tí àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ South Africa máa dì ni mò ń sọ. Nílé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fagi lé ìbò tí àwọn èèyàn wa dì. Níbí, wọn kò tíì dì í rárá. Èmi ọlọ́gbọ́n ní kí a dúró níbi tí wọn kò tíì já wa kulẹ̀. Ìyàwó mi ní òun ń padà sí Abẹ́òkúta. Kì í kúkú ṣe ọ̀rọ̀ ìbò ló ń sọ. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà ni oyún oṣù márùn-ún bàjẹ́ lára rẹ̀, láti ọjọ́ náà ni a sì ti ń gbé yàrá kan ṣoṣo bí èrò méjì tó jọ wọ takisí tí wọn kò mọ ara wọn rí. Ó ti là á mọ́lẹ̀ fún mi. Ó ní, “Tí o bá ní kí n má lọ, n ò ní lọ. Ṣùgbọ́n o máa fi ẹnu ara ẹ sọ ọ́, o ò sì ní fi ṣe yẹ̀yẹ́.” Ó fún mi di ìparí oṣù. Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, ó ku ọjọ́ márùn-ún.

Kí n má purọ́, mo rò pé ó kàn ń dẹ́rù bà mí ni. Aláwàdà ni mí. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti le, ẹ̀fẹ̀ ni mo máa ń kó bò ó, ó sì ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń yìn mí fún un. Ìyàwó mi pàápàá, ẹ̀fẹ̀ yẹn ló tìtorí ẹ̀ fẹ́ mi.

Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé, a kún pálọ̀ Bàbá. Bàbá ti ṣe olùkọ́ rí ní Iléṣà, ohùn olùkọ́ kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, din pọ́fù-pọ́fù kún abọ́. Bọ̀dá kan tó ń ta agogo ọwọ́ ní ọjà Bruma mú ìyàwó tirẹ̀ wá; tọkọtaya kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Soweto sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìyá kò gbọ́ òyìnbó tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi imú sọ, nítorí náà, èmi ni ògbufọ̀.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbéyàwó lóòótọ́. Bàbá ń mi orí, ó ń wò mí bí akẹ́kọ̀ọ́ tó yege. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fíìmù ti fo ọdún mọ́kànlá, ìyàwó sì ti ju ife tíì lu ọkọ. Wọ́n gba kóòtù lọ, wọ́n fẹ́ kọ ara wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ilé sílẹ̀. Adájọ́ ní ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde, ilé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Làwọn méjèèjì bá jókòó pa sínú ilé bí adìyẹ tó ń sàba. Ọkọ mú oníbàárà wọlé wá wo ọpọ́n ìwẹ̀ tó fẹ́ tà, bẹ́ẹ̀ ìyàwó wà nínú ọpọ́n náà, ó ń fi ọṣẹ fọ orí lọ́wọ́. Ìyàwó náà kó igi tí ọkọ fi ń gbá gọ́ọ̀fù, ó fi dáná, ó sun ẹran lé e lórí.

“Eish!” ni bọ̀dá alágogo wí. “Obìnrin yìí ò ṣeé bá ṣeré o.”

Bàbá yíjú sí mi. “Kí lèyí? Ṣé ìgbéyàwó nìyí?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà níwájú.”

Èmi gan-an kò mọ ohun tó wà níwájú. Ibì kan dé tí ìyàwó òyìnbó náà jókòó sórí àtẹ̀gùn, tó ń sunkún, tó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá ní, “Kí ló wí?”

Mo ní, “Ó ní ọbẹ̀ ti tutù, Mà.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Irọ́ ló ń pa fún yín, Mà. Obìnrin yẹn ní láti ọdún mọ́kànlá, ọkọ òun ò bi òun rí pé kí ló wà lọ́kàn òun.”

A ń wò ó lọ títí a fi dé ibi tó dàrú. Ìyàwó yìí gbé ìkéde òkú ọkọ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, ó lẹ fọ́tò rẹ̀ gàdàgbà mọ́ ọn. Àwọn èèyàn gbé òdòdó wá. Ó wọ dúdú, ó ń fi aṣọ ìnujú nu ojú tí kò tutù. Bí wọ́n ṣe ń bá a dárò lọ́wọ́ ni ọkọ jáde láti kíṣìnnì pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu, ó ń bi wọ́n pé ta ló kú. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n Ìyá ti ń ta ìka lé orí, Bàbá sì ti dìde dúró.

“Ẹ pa á! Ẹ pa nǹkan yẹn kíá! Ẹni tó wà láàyè? Wọ́n ń fi ẹ̀mí èèyàn ṣeré?”

Mo dá a dúró. Ojú ìyàwó òyìnbó náà wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń gbọ̀n wìnnìwìnnì bí àwọn fídíò ayé ìgbà náà ṣe máa ń ṣe.

Bàbá ń rìn síwá sẹ́yìn. “Ta ni bàbá obìnrin yìí? Àwọn ẹbí ọkọ ńkọ́? Ọdún mọ́kànlá! Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó wá jókòó pé kí ló dé?”

“Òyìnbó ni wọ́n, sà,” ni mo wí. “Lọ́yà lẹbí wọn.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bàbá na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Tí wọn ò bá lẹ́nìkan, àwa wà níbí.”

Mo fi Ọlọ́run búra, tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti to àga sí ọ̀tún àti òsì, wọ́n fi tẹlifíṣọ̀n sáàárín, ìpàdé ẹbí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ máà rẹ́rìn-ín wa jù. Kò sẹ́nì kan nínú wa tó ní ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí àbúrò ìyá ní gbogbo Johannesburg. Àwa tí a kò ní àgbà tí yóò dá sí tiwa, a wá di àgbà fún àwọn òyìnbó tí kò mọ̀ wá rí, ó sì dùn mọ́ wa.

Bàbá ní kí èmi ṣojú ọkọ, torí èmi ni mo mú un wá. Ó ń wá ẹni tí yóò ṣojú ìyàwó ni ìyàwó mi bá dìde. Ó ní, “Èmi máa sọ̀rọ̀ fún un.” Ó lọ jókòó ti Ìyá lórí àga gígùn.

Ó kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú fíìmù: ife tíì, ọpọ́n ìwẹ̀, gbogbo rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ dáadáa, Bàbá sì ń mi orí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ọkùnrin yìí mú un kúrò lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀, ó mú un wá sí ìlú tí ò ti mọ ẹnikẹ́ni.”

Bọ̀dá Soweto ní, “Ṣebí ìlú wọn náà ni wọ́n wà?”

Ìyàwó mi ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. “Tí obìnrin yìí bá ń sunkún, fídíò onífídíò lọkọ ẹ̀ máa ń tú.”

“Níbo nìyẹn wà?” ni bọ̀dá alágogo bèèrè. “Àbí mo sùn lọ ni?” Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

“Nígbà tí oyún bàjẹ́ lára ẹ̀, ọkọ ẹ̀ wá sí ọsibítù, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pa àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́rìn-ín. Obìnrin yẹn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbọ́ ẹ̀rín wọn.”

Kò sẹ́ni tó tún bèèrè ibi tó wà nínú fíìmù.

Òótọ́ ló sọ. Tẹlifíṣọ̀n wọ́ọ̀dù náà kò ṣiṣẹ́, mo sì fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ tó dùn gan-an. Mo ṣe é torí pé ká ní n kò ṣe é ni, ilẹ̀ ni ǹ bá jókòó sí, kí n máa ké. N kò sọ èyí fún un rí. Ìtìjú mú mi ní pálọ̀ Bàbá lọ́jọ́ yẹn, inú sì bí mi pé ìtìjú mú mi.

Bàbá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó wò mí, kò wo tẹlifíṣọ̀n. “Ọkọ, o ti gbọ́. Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Ṣé o fẹ́ kí ìyàwó rẹ dúró?”

Gbogbo wa la mọ ẹni tó ń bá wí. Ìdáhùn náà wà lẹ́nu mi, kò gùn, “Bẹ́ẹ̀ ni” ni. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo fi ìka méjì fún imú mi, mo fi ohùn òyìnbó inú fíìmù náà sọ̀rọ̀. Mo ní, “Ilé ni mo fẹ́, sà. Kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún mi.”

Bọ̀dá alágogo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Ẹ̀rín tí wọ́n rín jẹ́ ẹ̀rín ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹnu Bàbá pàápàá yà díẹ̀. Mo wo ìyàwó mi, mo rí i pé òun náà ń pàtẹ́wọ́, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo ní ó ti tán nínú rẹ̀ nìyẹn.

Bàbá dájọ́ pé àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi, ó ní kí ìyàwó lọ gba ìkéde òkú náà padà. A gbàdúrà fún wọn. Lẹ́yìn náà a wo èyí tó kù. Ilé náà jóná kanlẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó sínú ọgbà, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó ni eérú.

Ìyàwó mi lọ ní ọjọ́ Tọ́sidé. Mo gbé àpótí rẹ̀ dé pápákọ̀ òfuurufú, mo ní kó bá mi kí àwọn tó fagi lé ìbò. Ó ní, “O ṣeun.” Mo rò pé yóò padà kí Kérésì tó dé. Kò padà. Ó ti fẹ́ ẹlòmíràn ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì ní ọkọ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo lọ tún tẹlifíṣọ̀n Ìyá ṣe. Ó jókòó tì mí, ó ń wò mí bí mo ṣe ń tú u. Ó ní, “O mọ̀ pé láti ìgbà tí Bàbá ti bi ọ́ léèrè lọ́jọ́ fíìmù yẹn, ọwọ́ mi ni ìyàwó rẹ dì mú? Ó dì í mú débi pé òrùka mi fẹ́ wọ ẹran ara mi.”

N kò gbé orí sókè. Mo ní, “Nígbà tí mo wá dáhùn ńkọ́, Mà?”

Ó ní, “Ó fi í sílẹ̀. Ó fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún ọ ni.”