Ìyá Kìtán, Alásè Ìtun

Ní Ọ̀bà-Ilé, bí ẹ bá béèrè Ìyá Kìtán, wọn yóò kọ́kọ́ bi yín pé èwo nínú wọn, ṣé èyí tó ń se oúnjẹ fún kòkòrò? Òun náà ni. Oyèbọ́lá lorúkọ rẹ̀, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó, opó Jesse. Ìwé mẹ́fà ló kà. Ọdún tí Jesse kú ni Kìtán ọmọ rẹ̀ mú un wá sí ẹ̀bá Àkúrẹ́, ó ní ìyá òun kò ní dá jókòó sílé máa wo àga òfìfo. Kò pẹ́ sí i ló rí iṣẹ́ ní yàrá ìwádìí kan tí wọ́n ti ń sin ìtun.

Ìtun ni kòkòrò funfun tó ń gbé inú ọ̀pẹ tó ti ṣubú. Bí ẹ bá yan án, ẹ ò ní rántí ẹran. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ kì í ṣubú lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tí Dókítà Olúgbémiga, ọ̀gá ibẹ̀, fi ń wá oúnjẹ àtọwọ́dá tí ìtun lè jẹ dàgbà nínú ike. Ìrèké lílọ̀, ìyẹ̀fun àgbàdo àti ìwúkàrà ni wọ́n ń sè pọ̀ nínú ìkòkò ńlá kan. Wọn á bù ú sínú ike, yóò dì bí ẹ̀kọ, wọn á wá kó ọmọ ìtun sí i. Ilẹ̀ ni wọ́n gba Ìyá Kìtán láti máa gbá. Ìgbà tí wọ́n rí i pé oúnjẹ àwọn ọ̀mọ̀wé ń ní kókó, tí tirẹ̀ ń dán, wọ́n gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní orógùn.

Ó yá, àwọn kan gbé oògùn họmiópátì wá fún Dókítà. Oògùn yìí, wọ́n á bu omi là á, wọ́n á tún bu omi la èyí tí wọ́n ti là, títí kò fi ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò ní adùn. Àwọn tó ń ṣe é ní bó bá ṣe ń là sí i ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá yóò mú ìtun tètè dàgbà. Dókítà wá to ọgọ́ta ike kalẹ̀. Ọgbọ̀n yóò gba ẹ̀kán oògùn márùn-ún látinú ìgò olómọrí pupa; ọgbọ̀n yóò gba omi lásán látinú ìgò olómọrí funfun. Ó pàṣẹ pé ti omi ni kí Ìyá Kìtán kọ́kọ́ bù, kó kán omi sí i, kó dé e pa, kó tó fọwọ́ kan ti oògùn, kí oògùn má baà ràn mọ́ omi. Àṣẹ tó mọ́gbọ́n dání ni. Ìyá Kìtán pa á mọ́ bí òfin ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, Moríyọ̀, ọmọbìnrin tó ń wọn ìtun, wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wọ̀n. Ìtun oògùn tó àtàǹpàkò àgbà. Ti omi rí tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n tún un ṣe, bákan náà ló rí. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í dá rẹ́rìn-ín. Wọ́n dájọ́ tí yóò lọ sọ ọ́ ní Alágbàká, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba wà ní Àkúrẹ́, lójú àwọn ará ìjọba àti àwọn àgbẹ̀.

Inú Ìyá Kìtán dùn ju tiwọn lọ. Irú oògùn yẹn ló fi oṣù mẹ́ta kán sẹ́nu Jesse nígbà àìsàn rẹ̀. Kò fẹ́ gbọ́ rárá pé omi lásán ni.

Ike kan ló dà á láàmú. Láàárín àwọn ike omi, ìtun inú ẹyọ kan sanra bíi ti oògùn. Moríyọ̀ ní nínú ọgbọ̀n ọmọ, ọ̀kan á ṣáà yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí Ìyá Kìtán ti ń fọ ìkòkò lọ́jọ́ kan, ó rántí pé ike yẹn já bọ́ lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ tí òun ń bù ú, ó sì sán. Ìgbà tí òun parí gbogbo rẹ̀ ni òun tó ha ìsàlẹ̀ ìkòkò sínú òmíràn dípò rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ ìkòkò tó wà níwájú rẹ̀. Gbogbo ìyẹ̀fun àti ìrèké ló ti sùn sísàlẹ̀, ó ki dìgbì. Òótọ́ ni pé ó ń rò ó dáadáa lórí iná, ṣùgbọ́n kí èèyàn tó bu ọgbọ̀n ike, kó kán omi sí i, kó dé e, ohun tó wúwo á ti rì. Omi òkè ni àwọn ike ìṣáájú ń jẹ.

Ọjọ́ méjì ló fi gbé e mì. Bí òun bá ṣì í, wọ́n á ní ìyá oníwèé mẹ́fà kan ló fẹ́ ba ọjọ́ ọ̀gá jẹ́. Bí òun kò bá sì ṣì í, kí ni òun wá fún Jesse mu? Lọ́jọ́ kẹta, ó kan ilẹ̀kùn Dókítà.

Dókítà gbọ́ ọ tán, ojú rẹ̀ le. Ó ní, "Màmá, oògùn ni wọ́n ní ká dán wò, wọn ò ní ká dán ìkòkò wò."

"Ẹ̀yin lẹ mọ oògùn, sà. Èmi ni mo mọ ìkòkò. Ẹni tó kọ́kọ́ bu ọbẹ̀ tí wọn ò rò, omi ló máa mu. Ẹ jẹ́ kí n fún ọmọ oògùn lókè, kí n fún ọmọ omi nísàlẹ̀. Bí mo bá purọ́, ẹ dá ìgbálẹ̀ mi padà fún mi."

Moríyọ̀ tó wà nídìí òṣùwọ̀n fi ìwé bo ẹnu rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n Orógùn."

Dókítà wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri. Oṣù kan ló kù kí wọ́n lọ sí Alágbàká. Ó ní ó dáa, kí wọ́n ṣe é, kí wọ́n sì to ogójì ike mìíràn tí Màmá yóò máa ro ìkòkò kó tó bu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ogún fún oògùn, ogún fún omi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Moríyọ̀ fi ń kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Orógùn láàárọ̀. Ọjọ́ ìwọ̀n pé. Ìtun omi tó jẹ ìsàlẹ̀ ìkòkò ló sanra. Ti oògùn tó jẹ òkè ló rù. Nínú ogójì ike tí Màmá ń ro ìkòkò kó tó bù, oògùn àti omi dọ́gba, gbogbo wọn tó àtàǹpàkò. Moríyọ̀ kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ní kí Màmá má bínú.

"Dìde, kọ ọ́ sílẹ̀ kó o tó gbàgbé," ni Ìyá Kìtán wí.

Ó jáde síta, ó fara ti ògiri. Ó ro ti Jesse. Lóòótọ́ ni ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín láràárọ̀ tí ó bá kán oògùn yẹn sí i lẹ́nu. Oògùn kọ́ ló pa á lẹ́rìn-ín nígbà náà. Ọwọ́ tó ń kán an ni. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́, ó sì padà wọlé.

Ní Alágbàká, Dókítà kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní oògùn kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n oúnjẹ ti yege, ìtun ti ń dàgbà nínú ike láìsí ọ̀pẹ, ó sì dárúkọ ẹni tó rí àṣìṣe náà. Oyèbọ́lá Akíntóyè dìde láàárín àwọn oníṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Àgbẹ̀ kan láti Oǹdó fi èdè ilé bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń rò ó, òun náà fi èdè ilé dá a lóhùn, ó ń fi ọwọ́ júwe rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, gbogbo gbọ̀ngàn sì ń wo ọwọ́ yẹn.

Ní báyìí, obìnrin mọ́kànlá ló ń wá láti Oǹdó lọ́jọọjọ́ Ẹtì láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Dókítà pàápàá, bó bá ń bu oúnjẹ, tó bu bíi méjì tẹ̀ léra, yóò ṣíwọ́, yóò bojú wẹ̀yìn. Ìyá Kìtán á ti dúró síbẹ̀.

"Ẹ rò ó dénú, sà."