Orúkọ Tí Opó Náà Kò Pè

Òórùn ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sínú omi ni ó máa ń kọ́kọ́ pàdé mi bí mo bá ti rántí ìlú kékeré yẹn, lẹ́yìn Lalupon, ní àwọn ọdún tí ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí múlẹ̀ láàárín wa. Ẹ̀yìn ilé ẹjọ́ gan-an ni àwọn obìnrin ń rẹ ẹ́ sí. Òórùn náà a gba ojú fèrèsé wọlé, a sì dàpọ̀ mọ́ ti tàdáwà tí mo fi ń kọ̀wé. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti máa gbé e mì.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì òkè òkun dé ni. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó fi iṣẹ́ méjì lé mi lọ́wọ́: kí n máa ṣe ògbufọ̀ fún un nígbà tí ó bá wá gbọ́ ẹjọ́, kí n sì ṣe àkọsílẹ̀ bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń sọ̀rọ̀, lẹ́nu iṣẹ́ àti nínú ilé. Mo fa ìlà sí àárín ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Mo kọ “Iṣẹ́” sí apá òsì, mo kọ “Ilé” sí apá ọ̀tún. Mo gbà pé ènìyàn a máa bọ́ ọ̀rọ̀ ilé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kóòtù bí ẹni bọ́ bàtà. Ẹni tí ó kàwé nìkan ni ó lè gba irú òmùgọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́.

Ẹ̀yìnkùlé opó kan ni mo ti kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ilé jọ. Èmi a jókòó lórí odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, òun a máa bẹ ẹ̀gẹ́. Ó sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí òun ti wọ ilé ọkọ, òun kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni tí a ti bí síbẹ̀ kí òun tó dé rí, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́.

“Àbúrò bàbá àwọn ọmọ mi tí ó ń rákò nígbà tí mo dé, ọkọ mi ni òun náà. Adúmáadán ni mo sọ ọ́. Ara rẹ̀ ń dán nígbà náà.”

“Nísinsìnyí ńkọ́?”

“Ara ṣì ń dán. Ìwà ni kò bá a dán.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì kọ orúkọ náà sábẹ́ “Ilé”. Mo kọ orúkọ tí bàbá ọkùnrin náà sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí aládùúgbò kan sọ fún mi.

Adúmáadán yìí ni ó wọ inú oko obì tí ọkọ obìnrin náà fún un kí ó tó kú, tí ó sì lé e jáde. Oko yẹn ni opó náà fi ń bọ́ ọmọ mẹ́ta. Ó gbé ẹjọ́ náà wá síwájú ajẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, ó rojọ́ létòlétò. Ajẹ́lẹ̀ ní arákùnrin mẹ́ta ni olóògbé ní, nítorí náà orúkọ ẹni tí ó ń fi sùn gbọ́dọ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde.

“Ọkọ mi Adúmáadán ni,” ó ní, ó sì nawọ́ sí i.

Ọkùnrin náà dìde, ohùn rẹ̀ tutù. “Kò sí ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú agbo ilé wa. Ẹ ní kí ó pe orúkọ mi.”

Mo yíjú sí obìnrin náà. “Ìyá, kóòtù nìyí. Ẹ pe orúkọ rẹ̀.”

“Akọ̀wé, ẹ̀yin náà mọ ẹni tí mò ń wí.”

“Ohun tí mo mọ̀ kọ́ ni wọ́n ń bi yín.”

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ jókòó sí, àwọn ìyàwó ilé wà láàárín wọn. Ó la ẹnu, ó sì pa á dé. Ajẹ́lẹ̀ bi mí ohun tí ó sọ. Mo dáhùn lédè òyìnbó pé olùpẹ̀jọ́ kò pe orúkọ ẹnì kankan. Kò sí irọ́ kan nínú rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ da ẹjọ́ náà nù.

Bí wọ́n ṣe ń jáde, ọkùnrin náà rọra sọ fún opó náà létí. “Ìyàwó, o ṣé. O bọ̀wọ̀ fún mi.”

Ní ọjọ́ kẹta, mo lọ bá opó náà nílé. Ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn ni ó ń bẹ. Mo ní mo ti búra, pé ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ fi tirẹ̀ kún un. Kò gbójú sókè.

“Kí ni ìyá yín máa ń pe bàbá yín?”

“Orúkọ mi ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Wọ́n á ní ‘Bàbá’, wọ́n á sì fi orúkọ mi tì í.”

“Ó dáa. Ẹ bá mi kí wọn.”

Ajẹ́lẹ̀ yin iṣẹ́ mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ̀wé bá àwọn kóòtù wọ̀nyẹn jà, tí àwọn ènìyàn fi ń sọ pé kálámù mi gbóná jù. Mi ò kó ọ̀rọ̀ kan jẹ: òfin tí ó ní kí obìnrin tú ara rẹ̀ sí ìhòòhò kí ó tó lè gba ẹ̀tọ́, ìwà ọ̀daràn ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti kọ ọ́ tán tí ọwọ́ mi rọ̀, tábìlì kóòtù yẹn ni mo máa ń rí. Ìwé àkọsílẹ̀ mi wà lórí rẹ̀, orúkọ méjèèjì wà nínú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ohun tí ó kù fún mi kò ju kí n ṣí i, kí n sì kà á fún ajẹ́lẹ̀ lọ. Apá ọ̀tún, lábẹ́ “Ilé”, ni wọ́n wà, mo sì rò pé apá ọ̀tún kì í ṣe ti kóòtù. Ní gbogbo ìgbà tí opó náà fi ń wò mí, ìgúnpá mi wà lórí ìwé náà.