Àárọ̀ Tí Tata Kú Sórí Ẹ̀fínrín

Òórùn ẹ̀fínrín ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nílé wa ní Ore. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ebè rẹ̀ wà. Bí ìgbálẹ̀ ìyá mi bá ti kàn án láàárọ̀, òórùn náà á gba ojú fèrèsé wọlé. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, òórùn mìíràn dà pọ̀ mọ́ ọn, ó ń ta mí nímú. Mo mọ̀ ọ́n, àmọ́ n kò rántí ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Tata ló ń bá wa jà lọ́dún náà. Wọ́n jẹ ewé náà títí ó fi dà bí ajọ̀. Àràárọ̀ ni ìyá mi ń bu eérú ààrò wọ́n ewé kí ìrì tó gbẹ, èmi á sì máa ṣa tata sínú agolo. Bí mo bá ń kùn, á rẹ́rìn-ín: "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́, ìwọ̀n lewéko ń dára mọ." Bàbá mi kì í bá a rẹ́rìn-ín. Àgbẹ̀ kòkó ni ní Ajue, kò sì sí kòkòrò tó rí ojúure rẹ̀ rí.

Láàárọ̀ yìí, gbogbo tata ti kú sílẹ̀, adìyẹ wa ń ṣà wọ́n jẹ. Inú mi dùn, mo sáré wọlé. Ìyá mi ń nu ẹnu Fẹ́mi, àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Inú ló ń run ún, ìyá mi sì ti já ẹ̀fínrín nínú òkùnkùn ìdájí, ó fún omi rẹ̀ sínú ife, ó sì fi fún un mu. Ọ̀fìnkìn ti dí ìyá mi nímú, kò gbóòórùn kankan.

"Màámi, gbogbo tata ti kú!"

"Kí ló pa wọ́n?"

Bàbá mi dáhùn láti ìta: "Èmi ni. Ìyókù oògùn kòkó inú pọ́ńpù ni mo fín sí i lánàá, kí n má baà dà á nù."

Ibẹ̀ ni mo ti rántí òórùn náà: aṣọ oko bàbá mi ni. Ife bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi. "Bàbá Bọ́lá, mo ti fún ọmọ mu!"

Bàbá mi kò wọ bàtà. Ó gbá Fẹ́mi mọ́ra, òun àti ìyá mi sáré bọ́ sí títì, ọ̀kadà sì gbé wọn lọ sí ọsibítù. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Adìyẹ kan ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó ṣubú. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè sunkún. Mo ń bẹ adìyẹ náà pé kó dìde, bíi pé bó bá dìde, Fẹ́mi náà á yè. Kò dìde.

Oòrùn ti kan àtàrí kí wọ́n tó dé. Fẹ́mi ń sùn léjìká bàbá mi. Nọ́ọ̀sì ní èyí tó bì dànù ló kó o yọ. Bàbá mi tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó sì bọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ó hú gbogbo ẹ̀fínrín náà, ó sì sin ín pẹ̀lú adìyẹ. Nígbà tí a gbin òmíràn síbòmíì, òun ló máa ń kọ́kọ́ já ewé kan jẹ ní tútù, á dúró díẹ̀, kó tó ní kí ìyá mi já tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí mo fi kúrò nílé.

Mo ti di ìyá ọmọ báyìí, inú kóròbá ni mo gbin ẹ̀fínrín sí nílé mi ní Odigbo. Fẹ́mi, tó ti ga jù mí lọ, a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀fọ́ tó bá ní ihò nìkan ni mò ń rà lọ́jà. Ọmọdé tí mo jẹ́ nígbà náà fẹ́ kí gbogbo tata kú. Èmi àgbà rèé, àràárọ̀ ni mò ń tú ewé wò títí n ó fi rí tata kan tó ń jẹun, kí ọkàn mi tó balẹ̀.