Òkè Tí Kò Ní Ojú Ọ̀nà

Ọ̀dà pupa ni mo kọ́kọ́ rí lára àpáta náà, àmì ńlá kan tó ga ju èèyàn lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀tù fọ́ òkè náà fún òkúta ìkọ́lé.

Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, Ọ̀wọ̀ sì ni mo ń gbé, síbẹ̀ n kò gun òkè yìí rí. Ẹ̀yìn Ìdóàní ló wà, ó sì máa ń hàn láti ojú títì bí ẹ̀yìn erin tó dùbúlẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn ìrìn àjò afẹ́ máa ń kọjá lọ sí Ìdànrè ni. Ọlọ́kadà tó gbé mi pàápàá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, òkúta lásán lẹ gbéra láti Ọ̀wọ̀ wá wò? Ṣé òkúta tán ní Ọ̀wọ̀ ni?"

Ìyá àgbà kan ló mú mi gòkè. Ìdílé rẹ̀ ló máa ń sin àlejò débẹ̀. Ó kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ mi.

"Bọ́ bàtà rẹ. Má ṣán igbó, má já ewé. Ohun tí o bá gbé gòkè lo máa gbé sọ̀ kalẹ̀. Èèpo ọsàn ọwọ́ rẹ yẹn ńkọ́?"

Mo ki èèpo náà bọ àpò. "Màmá, ṣé kò sí ojú ọ̀nà ni?"

"Ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n. Ta ló ń wọ ilé bàbá rẹ̀ kó máa fi àdá gé òpó?"

Àpáta náà tutù nini lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Nígbà tí a dé orí rẹ̀, mo yíjú wo ìsàlẹ̀. Kùrukùru ọyẹ́ bo ilẹ̀. Òrùlé Ìdóàní yọ níbì kan, oko kòkó ṣú níbòmíràn, òkè sì tò tẹ̀lé òkè títí lọ sí apá Àkókó. Omi wà nínú kòtò àpáta, ó mọ́ débi pé mo rí ojú ara mi. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àwọn ojú ọlọ tó ti jẹ òkúta wọnú wà, níbi táwọn obìnrin ti ń lọ ata nígbà tí ogun lé ìlú gòkè. Màmá nawọ́ sí abẹ́ igi kan.

"Ibẹ̀ la sin ìyá mi sí."

Mo wò ó títí. N kò rí òkìtì, n kò rí sìmẹ́ńtì.

"Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn," ó ní. "Àwọn ará ìjọba wá, wọn ò rí ọ̀nà, wọn ò rí ibojì, wọ́n ní èèyàn kì í débẹ̀. A tọ́jú rẹ̀ títí ó fi dà bí ohun tí kò lólúwa."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá a lọ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá, a ò rí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ṣé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lẹ̀ ń wá, ọmọ mi?"

Òṣìṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Mo sọ fún un pé mo gùn ún, pé àwọn arìnrìn-àjò yóò fẹ́ràn rẹ̀.

"Kí wọ́n wá, ká rí wọn," ó fèsì.

Ó ní ìgbìmọ̀ kan yóò gun òkè náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀; ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án títí dìgbà náà. Bí wọ́n bá bá ojú ọ̀nà tí a là, àti àmì lórí ibojì, wọn yóò pa ọ̀dà pupa náà rẹ́. Bí wọn ò bá rí i, ẹ̀rọ yóò gòkè.

Màmá fọwọ́ nu ojú.

"Èmi fúnra mi ni màá gbé àdá. Ìyá mi á dárí jì mí. Àmọ́ ìgbìmọ̀ yín, ṣé wọ́n á bọ́ bàtà?"

Òṣìṣẹ́ náà ní òun yóò béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá òun.